Aláǹtakùn, Ejò, Erin àti Ọdẹ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Tẹ́ńpìlì Shiva ní Srikalahasti

Chennai kì í ṣe ìlú àjèjì sí ọmọ Nàìjíríà mọ́: àwọn kan ń lọ gba ìtọ́jú níbẹ̀, àwọn kan ń lọ kàwé. Tẹ́ńpìlì tí à ń sọ yìí ò jìnnà síbẹ̀, ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ sì dùn ju ohun tí ìwé pélébé àwọn arìnrìn-àjò máa ń kọ lọ. Ìtàn bí àwọn olùjọsìn ṣe ń pa á ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí. Níbi tó bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ọba àti ọdún, ẹ ó rí i pé ohùn wa yí padà.

Ibo ni Srikalahasti wà, ta sì ni wọ́n ń bọ níbẹ̀?

Ìlú kan ni lẹ́bàá odò Swarnamukhi, ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh ní gúúsù Íńdíà. Kò tó 40 kìlómítà sí Tirupati, níbi tí èrò ń wọ́ lọ láti bọ Venkateswara. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Chennai lè lò tó wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà.

Shiva ni wọ́n ń bọ níbẹ̀. Ó wà lára àwọn òrìṣà tó ga jù lójú ẹlẹ́sìn Híńdù: ojú mẹ́ta ló ní, ejò ló fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn, eérú ló fi ń para. Ẹ fi ejò àti ojú yẹn sọ́kàn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń pe òkúta ibẹ̀ ní linga afẹ́fẹ́?

Linga ni òkúta tó nàró tí wọ́n fi ń ṣojú fún Shiva nínú tẹ́ńpìlì rẹ̀. Tẹ́ńpìlì márùn-ún wà ní gúúsù Íńdíà tí wọ́n so mọ́ ohun márùn-ún tí wọ́n gbà pé ayé fi dúró. Ti ilẹ̀ wà ní Kanchipuram, ti omi ní Thiruvanaikaval, ti iná ní Tiruvannamalai, ti òfurufú ní Chidambaram. Ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí wà. Ti afẹ́fẹ́ nìkan, ìyẹn Srikalahasti, ló bọ́ sí Andhra Pradesh.

Wọ́n ní Vayu, òrìṣà afẹ́fẹ́, jókòó síbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ó ń gbàdúrà níwájú linga tó jẹ́ káńfọ̀. Nígbà tí Shiva bi í ohun tó fẹ́, ó ní òun fẹ́ wà níbi gbogbo láyé, kí òun sì wà nínú gbogbo ẹ̀dá, kí wọ́n sì máa fi orúkọ òun pe linga náà. Shiva gbà fún un.

Ohun tí èrò ń yọ ọrùn wò ni fìtílà kan nínú yàrá tí linga wà. Yàrá náà há, kò ní fèrèsé, síbẹ̀ iná fìtílà yẹn kì í dúró sójú kan. Àwọn olùjọsìn ní èémí Shiva ló ń mì ín. Ẹlòmíràn lè ní ooru àti èémí èrò tó fún mọ́ inú yàrá náà ni. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kan jà lórí rẹ̀ níbẹ̀.

Vayu yìí kan náà ló fọ́ òkè. Òun àti Adisesha, ejò ńlá, ń figa gbága nítorí wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó lágbára jù. Adisesha wé ara rẹ̀ mọ́ òkè Kailasa, ilé Shiva. Vayu fẹ́ ẹ títí ó fi ya. Ègé kan bọ́ sí Trincomalee ní Sri Lanka, ọ̀kan bọ́ sí Tiruchirappalli, ọ̀kan sì bọ́ sí Srikalahasti. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe òkè ibẹ̀ ní Kailasa ti gúúsù.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹranko ló fún ìlú náà lórúkọ?

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ wí. Sri ni aláǹtakùn, Kala ni ejò, Hasti ni erin, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì bọ Shiva níbẹ̀ kí èèyàn tó mọ ọ̀nà débẹ̀.

Aláǹtakùn ò ní owó tó lè fi kọ́lé fún òrìṣà. Òwú inú ara rẹ̀ ló ní. Ó ń ta á yí linga ká, ó fi kọ́ gbọ̀ngàn, ó fi kọ́ ògiri, ó fi kọ́ ilé gogoro sẹ́nu ọ̀nà. Shiva fẹ́ dán an wò, ló bá jẹ́ kí iná fìtílà ràn mọ́ ọn, gbogbo iṣẹ́ náà sì jóná. Inú bí aláǹtakùn. Ó dojú kọ iná, ó yanu, ó fẹ́ gbé e mì. Ibẹ̀ ni Shiva ti fara hàn án.

Ti ejò àti erin ló le. Ejò máa ń gbé òkúta iyebíye wá láti abẹ́ ilẹ̀, á tò ó sórí linga, á lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni erin á ti odò dé, omi wà nínú ọwọ́jà rẹ̀, ó sì ká ewé bilva dání, èyí tí Shiva fẹ́ràn. Erin wo ohun tó ń dán lórí linga, ó ní ta ló da ìdọ̀tí yìí sí Olúwa òun lórí? Ó fi omi gbá a dànù, ó to ewé rẹ̀. Ejò padà dé, ó bá ewé tútù níbi tó gbé òkúta sí. Ta ló da pàǹtírí síbí? Òun náà gbá a dànù. Báyìí ni wọ́n ń ṣe é lójoojúmọ́, kálukú ń tún ohun tó rò pé ẹnì kan bàjẹ́ ṣe, wọn ò sì tíì fojú kan ara wọn.

Ejò ni sùúrù rẹ̀ kọ́kọ́ tán. Ó fara pamọ́ sáàárín ewé. Bí erin ṣe na ọwọ́jà, ejò yọ́ wọnú rẹ̀, ó gba inú rẹ̀ gòkè. Erin ò lè mí mọ́. Ó ń janrí mọ́ òkúta, ó ń janrí mọ́ ọn, títí àwọn méjèèjì fi kú.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, ìtàn yìí ló dáa jù ní Srikalahasti, nítorí kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀. Ẹni tí ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó bá ti jọ dé láti wẹ ọmọ tuntun lẹ́ẹ̀kan náà á tètè mọ irú ìjà tó jẹ́.

Wọ́n ní àmì wọn wà lára linga di òní: aláǹtakùn nísàlẹ̀, eyín erin méjì, orí ejò márùn-ún lókè.

Kí ló dé tí Shiva ò fi là wọ́n kó tó di pé wọ́n kú?

Nítorí pé lójú àwọn tó ń pa ìtàn náà, ẹ̀bùn ló fún wọn. Ẹlẹ́sìn Híńdù gbà pé ẹ̀mí máa ń tún ayé wá, lónìí bí aláǹtakùn, lọ́la bí èèyàn, àti pé ìdùnnú tó ga jù ni kéèyàn bọ́ nínú ìpadàwá yẹn pátápátá. Shiva mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́dọ̀, wọn ò ní tún wá mọ́. Ó lè ṣòro fún Yorùbá láti gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀kan, àwa tí à ń jó nígbà tí Babátúndé bá dé. Fún wa, ẹni rere ló ń padà wá. Fún wọn, ẹni tó bá ṣe é débi tó ga jù kì í padà.

Mo ti gbọ́ ìtàn aláǹtakùn àti erin ní tẹ́ńpìlì mìíràn. Èwo ni ká gbà?

Thiruvanaikaval lẹ gbọ́ ọ, tẹ́ńpìlì omi tí a dárúkọ lókè. Níbẹ̀, aláǹtakùn ta òwú sókè linga kí ewé gbígbẹ má baà máa já lé e. Erin rí i bí ẹ̀gbin, ó ń fà á ya. Aláǹtakùn ló wọnú ọwọ́jà erin lọ́tẹ̀ yìí, àwọn méjèèjì sì kú. Ṣùgbọ́n aláǹtakùn náà tún ayé wá, ó di ọba kan tí wọ́n ń pè ní Kochengannan, láti ìdílé Chola tó jọba ní ilẹ̀ Tamil nígbà àtijọ́, ó sì kọ́ tẹ́ńpìlì tó pọ̀ fún Shiva, tí ẹnu ọ̀nà wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí erin ò lè wọ̀ ọ́. Ó tún ayé wá tòun ti ìbínú àná!

Kò sídìí láti yan ọ̀kan. Ìtàn máa ń rìn láti ìlú dé ìlú, ìlú kọ̀ọ̀kan á sì gé e bá ara rẹ̀ mu.

Ta ni Kannappa?

Ọdẹ ni. Thinnan ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Nagan, bàbá rẹ̀, ni olórí àwọn ọdẹ ní Uduppur, ó sì pẹ́ kí òun àti ìyàwó rẹ̀ tó rí ọmọ. Nígbà tí Nagan darúgbó, ó gbé ipò lé ọmọ lọ́wọ́, Thinnan sì kó àwọn ọdẹ lọ sígbó.

Ẹlẹ́dẹ̀ igbó kan já mọ́ wọn lọ́wọ́. Thinnan àti ọdẹ méjì, Nanan àti Kadan, lé e títí ó fi rẹ̀ ẹ́, Thinnan sì pa á. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, wọ́n gbé ẹran náà lọ sétí odò Swarnamukhi. Ibẹ̀ ni Thinnan ti gbójú sókè tó rí òkè. Nanan ní òrìṣà kan ń gbé lórí rẹ̀, àwọn lè lọ kí i. Kadan dúró ti iná, àwọn méjì gòkè.

Bí Thinnan ṣe rí linga, ó sáré dì mọ́ ọn, omi ń dà lójú rẹ̀. Ohun tó ká a lára ò ju pé òrìṣà yìí dá wà nínú igbó tí ẹranko búburú wà, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ọfà gún ẹran, ó sun ún, ó ń tọ́ ègé kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tó dùn ló ń kó sínú ewé, èyí tí kò dùn ló ń tu dànù. Ẹran wà lọ́wọ́ kan, ọrun àti ọfà lọ́wọ́ kejì, kò wá sí ọwọ́ tí yóò fi gbé omi. Ó fọn omi odò sẹ́nu. Ó ki òdòdó bọ inú irun orí. Nígbà tó dé òkè, ó fi ẹsẹ̀ gbá òdòdó àná kúrò, ó tu omi ẹnu rẹ̀ sórí linga láti fi wẹ̀ ẹ́, ó gbọn òdòdó irun rẹ̀ lé e, ó gbé ẹran síwájú rẹ̀, ó ní kó jọ̀ọ́ kó jẹun. Lóru, ó dúró ṣọ́ ọ tòun ti ọrun lọ́wọ́, kò sùn.

Tílẹ̀ bá mọ́, á lọ wá ẹran tuntun. Ìgbà yẹn gan-an ni Sivakochariyar, àwòrò ibẹ̀, máa ń dé. Ó bá egungun àti ọ̀rá níbi mímọ́! Ó gbá a, ó fọ̀ ọ́, ó lọ tún ara rẹ̀ wẹ̀, ó bọ òrìṣà bó ṣe yẹ, ó lọ. Thinnan padà, ó gbá ohun tí àwòrò tò dànù, ó gbé ẹran sílẹ̀. Ejò àti erin náà nìyẹn, àfi pé èèyàn ni wọ́n lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá àti ìyá Thinnan gòkè wá bẹ̀ ẹ́ kó máa bọ̀ nílé, etí rẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ wọn.

Lóru ọjọ́ karùn-ún, Shiva yọ sí àwòrò lójú àlá, ó ní kó wá fara pamọ́ lọ́la, kó fojú ara rẹ̀ wo irú ẹni tí ọdẹ yìí jẹ́.

Lọ́jọ́ kẹfà, Thinnan dé, ó bá ojú ọ̀tún òrìṣà tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹran bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló ṣe é léṣe, ó wá inú igbó kiri, kò rí ẹnì kankan. Ó já ewé, ó fún un sí i, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ló bá rántí ohun tó ti máa ń gbọ́, pé ẹran ara ló ń wo ẹran ara sàn. Ó fi ọfà yọ ojú ọ̀tún ara rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti òrìṣà. Ẹ̀jẹ̀ dá. Ó bú sí ijó. Ijó ò tíì parí tí ojú òsì fi bẹ̀rẹ̀.

Ìyẹn ò ba Thinnan lẹ́rù, ó ti mọ oògùn rẹ̀. Ìṣòro kan ló kù: tó bá yọ ojú kejì, báwo ló ṣe máa rí ibi tó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́? Ó gbé ẹsẹ̀, ó fi tẹ ojú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ náà kó lè jẹ́ àmì, ó gbé ọfà sójú ara rẹ̀. Ọwọ́ kan yọ láti inú linga, ó gbá a lọ́wọ́ mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Shiva ní kí Kannappa dúró, orúkọ tuntun tó fún un nìyẹn, ó sì ní kó máa wà lọ́wọ́ ọ̀tún òun títí ayé.

Ẹsẹ̀ tó wà lórí linga àti ọfà tó wà lójú yẹn ni àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére fẹ́ràn jù. Tẹ́ ẹ bá rí i, kò sẹ́lòmíràn, Kannappa ni.

Kí ló burú nínú ẹran tó gbé fún òrìṣà? Ṣebí àwa náà ń fi ẹran bọ.

Ibi tí Yorùbá ti máa ń ṣi ìtàn yìí gbọ́ nìyẹn. Lójú wa, ọdẹ tó gbé ẹran ìgbẹ́ fún òrìṣà ò ṣe nǹkan kan. Ògún ń jẹ ajá, kò sẹ́ni tó pariwo. Ṣùgbọ́n níbi tí Sivakochariyar ti ń ṣe àwòrò, èèwọ̀ ni ẹran. Oúnjẹ tí ẹnu bá ti kàn di ìjẹkù, kò ṣeé gbé fún òrìṣà. Itọ́ ń sọ omi di aláìmọ́. Wọn kì í wọ bàtà wọ tẹ́ńpìlì, ká má tíì sọ pé kí ẹsẹ̀ kan linga. Thinnan rú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun rú nǹkan kan. Ẹni tó hun ìtàn náà mọ ohun tó ń ṣe.

Síbẹ̀, ìtàn náà ò bú àwòrò. Ohun tó ń ṣe tọ́, Shiva ò sì bá a wí. Ó kàn pè é wá wò. Kannappa ò tìtorí èyí di ẹni tí wọ́n ń fara wé nídìí ìrúbọ: kò sẹ́ni tó ń gbé ẹran wọ tẹ́ńpìlì Srikalahasti lónìí. Àwọn àwòrò ibẹ̀ ń yin ọdẹ, wọ́n sì ń ṣe é bíi ti Sivakochariyar. Wọ́n tilẹ̀ ní àwọn pàápàá kì í fọwọ́ kan linga náà.

Ṣé ìtàn Kannappa ti pẹ́?

Ó ti pẹ́ gan-an. Ní ọ̀rúndún 12, Sekkizhar kọ ìtàn àwọn ẹni mímọ́ Shiva 63 ní èdè Tamil, nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Periya Puranam, Kannappa sì wà nínú wọn. Bí a ṣe sọ ọ́ lókè yìí, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Ṣáájú Sekkizhar ni Sambandar, Appar àti Sundarar, àwọn akéwì tí wọ́n kà mọ́ ẹni mímọ́ Shiva, ti kọrin yin Shiva ti Kalahasti.

Àwọn kan ní Arjuna, jagunjagun inú Mahabharata, ìtàn ogun àtayébáyé ti Íńdíà, ló tún ayé wá bíi Kannappa. Arjuna ti bá Shiva jà rí lórí ẹlẹ́dẹ̀ igbó kan, nígbà tí Shiva gbé àwọ̀ ọdẹ wọ̀, tí kálukú ń sọ pé ọfà òun ló pa ẹran náà.

Kò sí obìnrin nínú ìtàn ibẹ̀ ni?

Ó wà. Parvati, aya Shiva, gba ègún, ó pàdánù ara ọ̀run rẹ̀. Srikalahasti ló wá, ó gbàdúrà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mímọ́ tí Shiva kọ́ ọ, ó sì gba ara tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gnanaprasunambika ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ó sì ní yàrá tirẹ̀ nínú tẹ́ńpìlì. Ghanakala náà, tí èpè sọ di iwin, gbàdúrà níbẹ̀ fún ọdún 15 kó tó padà bọ̀ sípò.

Kí ló dé tí ibẹ̀ kì í tì nígbà tí òkùnkùn bá bo oòrùn tàbí òṣùpá lójú?

Ọ̀ràn Rahu àti Ketu ni. Ẹ̀dá burúkú kan ṣe bí òrìṣà, ó jókòó sáàárín wọn, ó mu nínú omi àìkú. Oòrùn àti Òṣùpá dá a mọ̀, wọ́n tú àṣírí rẹ̀ fún Vishnu, òrìṣà ńlá mìíràn, Vishnu sì bẹ́ ẹ lórí. Ṣùgbọ́n omi àìkú ti kọjá ọ̀fun. Orí rẹ̀ di Rahu, ara rẹ̀ di Ketu, Rahu ò sì dárí ji àwọn tó tú u fó: ìgbàkígbà tó bá rí wọn mú, á gbé wọn mì.

Nígbà bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì Híńdù máa ń ti ilẹ̀kùn. Srikalahasti kì í tì í, nítorí wọ́n gbà pé apá Rahu àti Ketu ò ká Shiva tó wà níbẹ̀. Láti ibi jíjìn ni àwọn tí ọkọ tàbí aya ò tètè dé fún, àti àwọn tó ń wá ọmọ, ti ń wá ṣe ètùtù Rahu àti Ketu. Wọ́n á jókòó sílẹ̀ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, ejò kékeré méjì tí wọ́n fi irin ṣe á wà níwájú kálukú, àwòrò á máa pe ọ̀rọ̀, wọ́n á máa tẹ̀ lé e. Ní tòótọ́, èyí ló ń mú èrò wá jù lóde òní, ó ti ju ti Kannappa lọ.

Ọba wo ló kọ́ ọ, àti pé ṣé lóòótọ́ ni ó wó?

Ọba kan kọ́ ni. Àwọn ọba Chola ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀rúndún 11. Ní 1516, Krishnadevaraya, ọba Vijayanagara, kọ́ ilé gogoro ẹnu ọ̀nà tó ga kọjá 30 mítà. Achyuta, àbúrò rẹ̀ tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, ṣe ìwúyè ní Kalahasti pẹ̀lú ní 1529. Akéwì kan wà láàfin Krishnadevaraya, Dhurjati ni orúkọ rẹ̀, tó kọ ọgọ́rùn-ún ewì sí Shiva ti Kalahasti. Ohun tó ń tún sọ nínú rẹ̀ ni pé agbára ń pa ọba bí ọtí, àti pé ìyà ni kéèyàn máa sin wọ́n. Oúnjẹ ọba ló ń jẹ, ó sì tún sọ bẹ́ẹ̀!

Ilé gogoro náà ló wó, kì í ṣe tẹ́ńpìlì. Ó ti ń sán, wọ́n sì ti lé èèyàn kúrò nídìí rẹ̀ kó tó wó lulẹ̀ ní 26 oṣù karùn-ún 2010. Wọ́n kọ́ tuntun sípò rẹ̀, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní 2017.

Kí lèèyàn lè fojú ara rẹ̀ rí níbẹ̀ lára ìtàn wọ̀nyí?

Òkè Kannappa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ńpìlì, ojúbọ kékeré tirẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Àtẹ̀gùn ni wọ́n ń gbà gùn ún. Ojúbọ Ganesha, òrìṣà olórí erin, kan wà lábẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ sí.

Ní àárín ìlú, ẹ wá àwọn tó ń ṣe kalamkari. Wọ́n á rẹ aṣọ òwú sínú wàrà ẹfọ̀n àti èso igi kan kí àwọ̀ lè mú, wọ́n á mú ọ̀pá ọparun tí wọ́n wé òwú mọ́ lórí, wọ́n á sì fi ọwọ́ ya ìtàn àwọn òrìṣà lé aṣọ náà, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Irin tó ti dípẹtà ni wọ́n ń rẹ sínú omi ṣúgà dúdú fún ọjọ́ púpọ̀ kó tó di àwọ̀ dúdú tí wọ́n fi ń fa ìlà. Iṣẹ́ yìí ni mo máa kọ́kọ́ wò tí mo bá débẹ̀, ṣáájú ilé gogoro tuntun.

Ìgbà wo ló dára láti lọ?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó ní ìrọ̀rùn, ẹ má lọ nígbà Mahashivaratri, alẹ́ ńlá Shiva tó máa ń bọ́ sí oṣù kejì tàbí oṣù kẹta. Tó bá jẹ́ pé ọdún gan-an lẹ fẹ́ rí, ìgbà yẹn náà ni: ọjọ́ púpọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì máa ń ṣe ìgbéyàwó òrìṣà àti aya rẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ tètè dé kẹ́ ẹ lè bá ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ta àsíá ọdún lórí òkè Kannappa ná, kí wọ́n tó ta ti Shiva nínú tẹ́ńpìlì.